Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ: Ọ̀nà tí ìwé aláwòrán Jàpáànù ń gbà dé ọwọ́ òǹkàwé

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nípa iṣu àti ata, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nípa ìwé. Ìwé tí ọmọ kan ń fi owó táṣẹ́rẹ́ rà nígbà tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ ní ìlú Tokyo, ọmọ mìíràn ní ilẹ̀ òdìkejì lè máa wá a kiri fún oṣù mẹ́fà kí ó má fojú kàn án. Ìtàn kan náà ni, àwòrán kan náà ni, ọ̀nà tó gbà wọ ọjà ni kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ó kan àwọn ọmọ wa ju bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti rò lọ.

Ìwé tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn ará Jàpáànù ń pè ní máńgà. Ẹni tó bá ní ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún mẹ́wàá sí ogún nílé yóò ti gbọ́ orúkọ náà. Ìtàn alápá púpọ̀ ni, tí wọ́n fi àwòrán dúdú àti funfun sọ láti ojú ewé dé ojú ewé, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń hàn nínú òbìrí funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Láti ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á wá sí ọwọ́ òsì, bí àwọn ọmọ kéú ti ń ka wàláà. Ìtàn jagunjagun wà níbẹ̀, ti agbábọ́ọ̀lù wà, ti alásè wà, ti olólùfẹ́ wà. Dragon Ball, Naruto àti One Piece tí àwọn ọmọ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, inú máńgà ni wọ́n ti yọ gbogbo wọn.

Ẹni tó ní fóònù tó sì ní owó dátà lè rí díẹ̀ kà lórí fóònù rẹ̀, a óò sì padà dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a tẹ̀ sórí bébà, tí ọmọ lè kì bọ àpò, tí ó lè yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ lè bá nílé ní ọdún márùn-ún sí i, báwo ni ó ṣe ń dé ọwọ́ wọn ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ ìlú ńlá Jàpáànù ti jóná, ìyà sì ń jẹ ará ìlú. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn atẹ̀wé kéékèèké ní ìlú Osaka ń tẹ ìwé aláwòrán olówó pọ́ọ́kú, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, lórí bébà tí kò jọjú. Wọn kò dúró de ilé ìtàwé ńlá. Àwọn tó ń ta midinmíìdìn àti ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ń gbé e fún, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ná kọ́bọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Osamu Tezuka, tó padà di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, fi kọ́kọ́ gba òkìkí ní ọdún 1947. Ọmọ tí kò lágbára láti rà á sì lè yá a, nítorí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń yáni ní ìwé wà ní àdúgbò, níbi tí ènìyàn ti ń san owó díẹ̀ láti mú ìwé lọ sílé, kí ó kà á tán, kí ó sì dá a padà.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà gbérí, ìwé ìròyìn aláwòrán gba ipò. Ní ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Shueisha bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Shonen Jump, èyí tó di ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ láìpẹ́. Ó nípọn bí ìwé atúmọ̀ èdè, bébà rẹ̀ kò sì dára ju ti ìwé ìròyìn lásán lọ, nítorí wọ́n fẹ́ kí owó rẹ̀ wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè kà á tán kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó kàn. Ní ìparí ọdún 1994 bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, ẹ̀dà tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo tó mílíọ̀nù 6.53. Ibo ni wọ́n ń tà á? Ní ìsọ̀ inú ibùdókọ̀ ojú irin, ní ilé ìtàwé, àti ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí kì í tilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru, tí iye wọn lé ní 50,000 káàkiri ilẹ̀ náà lónìí. Ìtàn tó bá gba àwọn òǹkàwé lọ́kàn ni wọ́n wá ń kó jọ sínú ìwé pélébé tí ó wọ àpò ẹ̀wù.

Ètò méjì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí tí ojú kì í tètè rí. Èkíní ni pé òfin Jàpáànù gba ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé láyè láti dá iye tí wọn yóò ta ìwé fún oníbàárà. Iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé ni ọmọ Tokyo ń san, iye kan náà ni ọmọ tó wà ní erékùṣù tó jìnnà jù ń san. Èkejì ni pé oníṣọ́ọ̀bù kì í há owó rẹ̀ mọ́ inú ìwé. Wọ́n ń gbé e fún un láti tà ni, èyí tí kò bá tà yóò dá a padà. Nítorí náà ni oníṣọ́ọ̀bù ìletò ṣe lè pàtẹ ìwé tí kò dá a lójú, nítorí ẹ̀rù àdánù kò bà á.

Ẹni tí owó ìwé tuntun kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì dé òpin ọ̀nà. Láti ọdún 1990 ni ilé-iṣẹ́ Book Off ti ń ra ìwé àlòkù lọ́wọ́ ará ìlú tí ó sì ń tà á ní ẹ̀dínwó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó máa ń dúró sí iwájú pẹpẹ níbẹ̀, tí wọn yóò máa kàwé lóròó fún wákàtí gbáko láìra ohunkóhun. Ní Kyoto ẹ̀wẹ̀, wọ́n sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àtijọ́ kan di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máńgà ní ọdún 2006. Nǹkan bí ìwé 50,000 ni wọ́n tò sára ògiri ibẹ̀. Ẹni tó bá ti san owó ìwọlé lè fa èyí tó wù ú yọ, kí ó sì lọ jókòó sórí koríko nínú ọgbà láti kà á.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé Jàpáànù ti bọ́. Láti ọdún 2017 ni títà orí ẹ̀rọ ti borí títà àwọn ìwé pélébé tí a tẹ̀ sórí bébà. Ẹ̀dà Shonen Jump tí wọ́n ń tẹ̀ nísinsìnyí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tó jẹ́ nígbà tó gbayì jù. Àwọn ilé ìtàwé tí wọ́n lé ní 20,000 ní ọdún 2003 kò tó 11,000 mọ́ ní ọdún 2023, ó sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìlú àti ìletò ilẹ̀ náà lọ tí kò ní ilé ìtàwé kankan. Ọmọ Jàpáànù tó ń gbé ní orí òkè lónìí ti ń mọ ohun tí ojú ọmọ ilẹ̀ mìíràn ti ń rí tipẹ́.

Ìgbà tí ọ̀nà bá dí ni ènìyàn ń mọ iyì rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìgbì òkun runlérùnnà ní ìlà-oòrùn àríwá Jàpáànù. Ọkọ̀ tó ń kó ìwé kò lè dé ìlú Sendai mọ́. Ilé ìtàwé kékeré kan níbẹ̀ ṣílẹ̀kùn láàárín àjálù náà, àwọn ọmọ sì ń wá bèèrè ìwé tuntun tí kò sí. Oníbàárà kan wá mú ẹ̀dà Shonen Jump kan ṣoṣo tó rí rà ní ìlú mìíràn wá fún onílé ìtàwé náà. Onítọ̀hún lẹ ìkéde mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù pé Jump dé, pé ẹ̀dà kan péré ni, kí ẹni tó bá fẹ́ wá kà á. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ka ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi ya. Àwọn ọmọ tí ilé wọn ti mì, tí wọ́n ń sùn nínú ẹ̀rù, rí ìtàn tí wọ́n ń bá bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kà síwájú. Ẹni tó bá ń sọ pé eré ọmọdé lásán ni ìwé aláwòrán, kí ó ro ti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ilẹ̀ Faransé, tó wà lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ra máńgà jù lọ lẹ́yìn Jàpáànù. Tẹlifíṣọ̀n ló la ọ̀nà níbẹ̀. Láàárín ọdún 1987 sí 1997, ètò ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní Club Dorothée ń fi eré àwòrán Jàpáànù hàn, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Glénat bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Akira ní èdè Faransé, ìsọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń tà á. Ṣùgbọ́n òfin tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1981 ló mú ọ̀nà náà dúró. Òfin yẹn sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dín iye owó ìwé tuntun kù ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọjà ńlá kò lè fi ẹ̀dínwó pa ilé ìtàwé kékeré, nítorí bẹ́ẹ̀ ilé ìtàwé ṣẹ́kù sí àwọn ìlú kéékèèké. Ní ọdún 2021, ìjọba fún gbogbo ọmọ ọdún méjìdínlógún ní 300 yúrò láti fi ra ohun àṣà, yálà ìwé, orin tàbí tíkẹ́ẹ̀tì eré. Máńgà ni púpọ̀ nínú wọn sáré lọ rà. Àwọn àgbà kan bínú, wọ́n ní owó ìlú kò yẹ kí ó bá ìwé aláwòrán lọ. Àwọn onílé ìtàwé fèsì pé ọmọ tí kò wọ ilé ìtàwé rí ti ń wọlé báyìí. Ní ọdún yẹn, ó lé ní ìdajì gbogbo ìwé aláwòrán tí wọ́n tà ní ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ máńgà. Ìjọba ti dín owó náà kù ní ọdún 2025, síbẹ̀ àwọn pẹpẹ náà wà níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀nà náà fi ń ṣí tó sì ń dí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú ìwé pẹlẹbẹ olóṣooṣù ni wọ́n ń gé máńgà sí, wọ́n á yí àwòrán rẹ̀ padà kí ó lè ṣeé kà láti òsì sí ọ̀tún, inú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìwé aláwòrán nìkan ni wọ́n sì ń tà á, níbi tí ọmọbìnrin kì í sábàá yà sí. Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Tokyopop yí ọgbọ́n dà. Wọ́n fi àwòrán sílẹ̀ bó ti wà ní Jàpáànù, wọ́n tẹ ìwé kékeré tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 9.99, wọ́n sì gbé e lọ sí àwọn ilé ìtàwé ńlá. Àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín pẹpẹ, wọ́n ń kà á. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, Borders, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtàwé ńlá wọ̀nyí, wọko gbèsè, ó sì ti gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ pa. Ní ọdún kan náà ni Tokyopop dáwọ́ ìwé títẹ̀ dúró níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì mọ ibi tí wọn yóò yà sí mọ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé ayé mọ́lé, ìfẹ́ máńgà tún sọ jí débi pé ní ọdún 2021 ìwé wọ́n lórí pẹpẹ, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì lè tẹ̀ ẹ́ yá tó. Ohun tó ń gba àwọn ọmọ tálákà ibẹ̀ là ni ilé ìkàwé ìjọba, níbi tí ọmọ ti ń fi káàdì ọ̀fẹ́ yá ìwé lọ sílé.

Bràsíìlì kọ́ wa ní ọgbọ́n mìíràn. Láti ọdún 1908 ni àwọn ará Jàpáànù ti ń ṣí wá sí ibẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn ọmọ wọn pọ̀ sí tó ibẹ̀. Síbẹ̀, ìlú Bràsíìlì gbòòrò, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Conrad fẹ́ gbé Dragon Ball jáde ní ìparí ọdún 2000, wọ́n gé ìwé kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ìwé tó yẹ kó ní nǹkan bí ojú ewé 200 di ojú ewé 100, kí owó ìdajì náà lè wọ àpò ọmọ ilé-ìwé. Wọn kò kó o lọ sí ilé ìtàwé; ìsọ̀ ìwé ìròyìn tó wà ní orígun òpópónà, tí wọ́n ń pè ní banca, ni wọ́n gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìròyìn òwúrọ̀. Báyìí ni ọmọ tí ìlú rẹ̀ kò ní ilé ìtàwé kankan ṣe ń ra máńgà. Lónìí, àwọn banca ti ń dínkù, owó ìwé sì ti gòkè, àwọn tó dàgbà pẹ̀lú ìwé onídajì yẹn sì ń sọ fún àwọn ọmọ wọn bí ó ti rọrùn tó nígbà náà.

Ní Indonéṣíà, ilé-iṣẹ́ Elex Media ló ń tẹ̀ ẹ́ ní èdè ìbílẹ̀ wọn, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù Gramedia sì ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún erékùṣù ló para pọ̀ di ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá yí ìwé wọn padà, ẹ óò rí i tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn pé iye owó erékùṣù Java nìyí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó wà ní erékùṣù mìíràn lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ti Jàpáànù: níbi kan, gbogbo òǹkàwé ló ń pín owó ọkọ̀ san, níbi kejì, ẹni tó jìnnà ló ń dá ẹrù tirẹ̀ gbé.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni gbogbo wàhálà bébà yìí fún, nígbà tí fóònù wà? Ìbéèrè náà tọ́. Láti ọdún 2019 ni Shueisha fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ kí àwọn ará ilẹ̀ púpọ̀ ka apá kan nínú ìtàn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2011, àwọn ilé-iṣẹ́ Jàpáànù kan dá ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní JManga, kí àwọn òǹkàwé òkèèrè lè máa sanwó kàwé. Nígbà tó di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2013, wọ́n tì í pa. Ẹni tó ti fi owó rẹ̀ ra ìwé níbẹ̀ kò lè ṣí i mọ́. Ìwé tó wà lórí pẹpẹ rẹ nílé, ẹnikẹ́ni kò lè wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí. Bẹ́ẹ̀ ni kò bèèrè iná, kò bèèrè dátà, ìwé kan ṣoṣo sì lè tó ọgọ́rùn-ún ọmọ, bí ti Sendai ti fi hàn.

Wàyí o, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Máńgà tó ń dé Nàìjíríà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti òkè òkun ni. Dọ́là mẹ́wàá sí méjìlá ni wọ́n ń ta ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2024, dọ́là kan kọjá 1,500 náírà. Kí a má tíì ka owó ọkọ̀ òkun àti èrè ọlọ́jà, ìwé kan ti di 15,000 náírà, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní ọdún yẹn jẹ́ 70,000. Ìwé kan ti ju ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ. Ní ilẹ̀ Faransé, ìwé kan náà jẹ́ nǹkan bí yúrò méje, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú igba owó oṣù tó kéré jù tí òṣìṣẹ́ ń mú lọ sílé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa àgbà ni a gbé pẹpẹ tiwa sókè tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró lórí ìtàn Jàpáànù. Ọmọ wa Roye Okupe fi àṣà Yorùbá hun ìtàn aláwòrán kan tó pè ní Iyanu. Dark Horse, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí òun náà ń tẹ máńgà, ló gbé e jáde ní ọdún 2021. Ìtàn tí a fi ilẹ̀ wa ṣe, tí orúkọ inú rẹ̀ jẹ́ orúkọ wa, dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé e, òkun ni yóò là kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà kan wà tí a ní ọ̀nà tiwa. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ rántí Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré àwọn òṣèré wa láti ìparí àwọn ọdún 1960, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn ní èdè Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi í kọ́ bí a ti ń ka Yorùbá já gaara. A mọ ọgbọ́n náà kí máńgà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ni ṣíṣe? A kò lè ṣe òfin Jàpáànù lálẹ́ ọjọ́ kan, ìjọba wa kò sì ní 300 yúrò tí yóò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èyí tí Bràsíìlì ṣe kò ju agbára atẹ̀wé Ṣómólú tàbí Mọ́kọ́lá lọ: kí a gé ìtàn sí wẹ́wẹ́, kí a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ìwé ìròyìn, kí a gbé e fún àwọn fẹ́ńdọ̀ láti tà, kí wọ́n dá èyí tí kò bá tà padà. Èyí tí àwọn ará Osaka ṣe nígbà tí ìlú wọn jóná kò ju agbára wa lọ: kí a gbé ìwé sí ibi tí ọmọ ti ń ra bisikíìtì. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò lè máa yá àwọn ọmọ ní ìwé àlòkù ní owó kékeré. Ilé-ìwé tó ní pẹpẹ kan ṣoṣo lè fi silẹ̀ láìtì, kí ọmọ lè dúró kàwé lákòókò ìsinmi, láìsí ẹni tí yóò lé e.

Ọ̀nà náà kò tíì parẹ́ pátápátá. Ẹni tó ra ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Òṣogbo, ojú ọ̀nà yẹn gan-an ló gbà dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún rí onítọ̀hún, ẹ bi í léèrè bóyá ó ní ohunkóhun lórí àtẹ rẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè rà. Bí ó bá ní kò sí, ẹ sọ fún un pé ẹ ń fẹ́ ẹ. Ohun tí oníbàárà bá ń bèèrè léraléra ni ọlọ́jà ń wá lọ.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.